Ọsàn Lábẹ́ Igi Obì

Apẹ̀rẹ̀ obì kan ni wọ́n torí ẹ̀ gba ilé ìwé lọ́wọ́ mi. Sítáńdáàdì Kejì ni mo wà. Bàbá wa ní oko obì gbànja lẹ́yìn Agége, ó sì di obì pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá kan, ó ń retí kí ó gbówó lórí. Ẹni tó bá di obì gbọ́dọ̀ máa tú u wò, kí ó ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, kí ó sì fi ewé tútù pààrọ̀ èyí tó ti gbẹ. Tìjání ẹ̀gbọ́n mi ni Bàbá gbé iṣẹ́ náà fún, ṣùgbọ́n ojú irin ni Tìjání ń lọ lójoojúmọ́, ó ń wo rélùwéè. Nígbà tí Bàbá tú apẹ̀rẹ̀, kòkòrò ti sọ obì di ìyẹ̀fun. Tìjání nàka sí mi.

"Mo ní kí Dàwódù bá mi tú u," ó ní. "Ó sì ní òun ti tú u."

Kò rán mi níṣẹ́ kankan. Bàbá ní ẹni tí kò lè ṣọ́ obì, kó lọ kọ́ bí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Bí mo ṣe di àgbẹ̀ nìyẹn. Tìjání kàwé, ó di akọ̀wé rélùwéè, ó jókòó sórí àga títí ikùn rẹ̀ fi yọ. N kò pè é ní Bọ̀dá mọ́. Bí a bá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ, n óò kí ìyàwó rẹ̀, n óò kí àwọn ọmọ rẹ̀, n óò sì fo òun dá bí ẹni fo gọ́tà.

Ọdún tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ní ìhà Ìkẹjà ni Mùínàt, ìyàwó rẹ̀, wá bá mi lóko. Ó kúnlẹ̀ sórí èèpo obì.

"Ọkọ mi, ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ láràárọ̀, àmọ́ dókítà ní abẹ́rẹ́ nìkan ò tó, àfi kí wọ́n máa rìn. Ó ní bí ẹran ara bá ń ṣiṣẹ́, òun fúnra ẹ̀ ní ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n láti dá rìn."

"Kí ló dé tí kò wọ rélùwéè tó fẹ́ràn?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Egbò ẹsẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná ni. Dókítà ní bí òmíì bá yọ, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ máa bínú lọ. Ẹ ṣáà máa bá wọn rìn bí ẹ ti ń bínú."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì gbà.

Láràárọ̀ n óò dúró lẹ́nu ọ̀nà Tìjání, n óò wúkọ́, yóò jáde. Èmi níwájú, òun lẹ́yìn, a óò gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin dé oko, a óò padà. A kì í sọ̀rọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ń yára kí ó lè mí hẹlẹ. Nígbà tó yá, mo ń dẹ ẹsẹ̀ láì jẹ́ kó mọ̀.

Mùínàt a máa se ìtọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ omi oògùn kan tó dúdú bí aró. Bí ṣúgà bá pọ̀ níbẹ̀, omi náà á pupa bí bíríkì. Bó bá dín kù, á di àwọ̀ ewé. Kí a tó máa rìn, bíríkì ni ṣáá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sáré jáde, ìgò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ewé ni! Ẹ wò ó, ewé ni!"

Inú mi dùn. Mo yára kọjú sí ojú irin kí wọ́n má baà rí i.

Dókítà ti kìlọ̀ pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju oúnjẹ lọ, abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ lè para pọ̀ lé ṣúgà kúrò lára kọjá bó ṣe yẹ, òógùn á bo èèyàn, á sì máa sọ ìsọkúsọ. Ìdí nìyẹn tí Tìjání fi ń kó hóró ṣúgà sápò.

Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, ó gba abẹ́rẹ́, ó mu ẹ̀kọ díẹ̀, a sì dé oko. Àbẹ̀kẹ́, obìnrin tó ń bá mi bó obì, jókòó ti òkìtì èso. Tìjání ṣàdédé gba ọ̀pá tí mo fi ń já obì lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já a.

"Akọ̀wé, ẹ rọra o," Àbẹ̀kẹ́ ní. "Ìyẹn kì í ṣe kálàmù."

Tìjání rẹ́rìn-ín, kò dúró. Èso ń já lulẹ̀, gbì, gbì. Mo fi í sílẹ̀, kó mọ bí apá ti ń ro ni. Ó pẹ́ díẹ̀, òógùn bò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi.

"Ta ló gbin igi síbí? Òpònú ni ọ́, Dàwódù! O ò mọ nǹkan kan!"

Inú mi ru. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń lọ ilé.

Ìdí igi ọsàn tó wà létí oko ni mo dé tí nǹkan sọ sí mi lọ́kàn. Ọyẹ́ ń la gbogbo wa létè, kí ló wá ń mú ọkùnrin yẹn làágùn? Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti jókòó sórí èèpo obì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀wù rẹ̀ ti rin gbindin.

Mo sáré padà, mo tú àpò rẹ̀. Òfìfo ni. Mùínàt ti fọ ẹ̀wù àná, wọn kò sì rántí kó ṣúgà sínú ti òní. Mo tún sáré lọ já ọsàn, mo fi eyín gé orí rẹ̀. Kí n tó dé, Àbẹ̀kẹ́ ti pa obì, ó ń nà án sí Tìjání lẹ́nu.

"Obì ni á jẹ́ kójú ẹ̀ là," ó ní. Nígbà tó rí ọsàn, ó di ọwọ́ mi mú. "Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe é, ẹ tún ń fún un ní nǹkan dídùn!"

"Ṣúgà ti tán lára ẹ̀! Iṣẹ́ ti jẹ ẹ́ tán!"

Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo fi àyà gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró, mo ń fún omi ọsàn sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Omi náà ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ gbé e mì. Ẹ má sùn, Bọ̀dá Tìjání. Ẹ gbé e mì."

Ọ̀fun rẹ̀ mira. Mo tún fún òmíràn, àti òmíràn. Òógùn ń gbẹ lójú rẹ̀ bí mo ti ń wò ó. Ẹ̀rù ti jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ obì náà tán.

Nígbà tó yá, Tìjání yíjú sí mi.

"Kí lo pè mí?"

"N kò pè yín ní nǹkan kan. Ẹ mu ọsàn yín."

Ó mu ún. Ojú rẹ̀ lọ síbi apẹ̀rẹ̀ obì tí mo ń tẹ́ ewé tútù sí láàárọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó di etí ẹ̀wù mi mú bí ọmọdé.

"Àbẹ̀kẹ́, wá gbọ́, kí ọ̀rọ̀ mi lè ní ẹlẹ́rìí. Èmi ni Bàbá ní kí n tú apẹ̀rẹ̀ obì ọjọ́ yẹn. Rélùwéè ni mo lọ wò. N kò rán Dàwódù níṣẹ́ kankan. Irọ́ ni mo pa mọ́ àbúrò mi."