Ẹ́ńjìnnì Tí Dàda Ní Ó Ti Kú

"Ẹ lọ ra òmíràn, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú." Ohun tí Dàda, ọ̀gá àwọn fíta tó ń tún mọ́tò ṣe ní àdúgbò Lagos Town, sọ fún Ràṣídátù ọlọ́ṣẹ nìyẹn. Mọ́tò tó fi ń kó ọṣẹ lọ sí ìlú Tema ò lè fa ẹrù mọ́. Ló bá wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ Zuweira.

Àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin fíta kẹ̀! Àlàmú bàbá Zuweira ló kọ́ ọ níṣẹ́, ṣùgbọ́n látìgbà tí bàbá ti kú, oníbàárà ò yà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Láwàlì, àbúrò bàbá rẹ̀, sì ti rí ẹnì kan tó ń ta fóònù tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà. Láwàlì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní:

"Zuweira, tí mọ́tò yìí ò bá jí lónìí, kó irinṣẹ́ rẹ."

"Mo gbọ́, sà."

Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi géèjì wọn agbára afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta nínú wọn dára; ti sílíńdà kẹta ò ju ìdajì tiwọn lọ. Ó da òróró ṣíbí kan sí i, ó tún un wọ̀n. Géèjì ò sún rárá. Ká ní ríìngì tó yí písítìnì ká ló jẹ ni, òróró ì bá dí i, géèjì ì bá sì gòkè. Fáàfù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ sílíńdà, ni kò padé.

"Ìyá mi, kí ni Dàda ṣe sí i kẹ́yìn?"

"Ó ń ṣe tá-tá-tá, mo ní kó bá mi pa á lẹ́nu mọ́. Mepaakyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Inú bí Zuweira. Dàda mà ni ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fata sẹ́nu! Fáàfù gbọ́dọ̀ ní àlàfo bíńtín lókè rẹ̀ kó tó lè padé. Dàda ti de nọ́ọ̀tì ti sílíńdà kẹta pinpin kó má baà pariwo, ni afẹ́fẹ́ bá ń jò lọ. Zuweira ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó dẹ nọ́ọ̀tì náà, ó ń ti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo bọ inú rẹ̀ títí ó fi wọlé wẹ́rẹ́. Ó tún un wọ̀n: ìkẹta ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó dá ìdérí àti púlọ́ọ̀gì padà, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Ràṣídátù fò sókè: "Alhamdulillahi!" Zuweira wa mọ́tò náà yí àdúgbò ká, ó sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta níwájú Dàda.

Nígbà tó padà dé, Láwàlì ń bá ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Rárá o, ẹ wá ibòmíràn lọ. Ṣọ́ọ̀bù yìí ní fíta."