Hóró Oògùn Inú Èébì

Ní ọdún kejì tí Dahomey gba òmìnira, ikọ́ fée tún gbé Ézéchiel, ọmọ ọdún márùn-ún. Marcelline ìyá rẹ̀ àti Ọ̀ṣuntóyìn, ìyá bàbá rẹ̀, gbé e láti Pobè lọ sí ilé ìwòsàn ní Sakété. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì fún wọn ní oògùn oníhóró: méjì láràárọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ, títí yóò fi tán.

“Kò ní ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀,” ni dókítà wí. “Ó gbọ́dọ̀ yọ́ nínú rẹ̀, kí ó wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ fún un.”

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wọn padà, Marcelline fún un ní hóró méjì pẹ̀lú ẹ̀kọ. Oògùn náà korò. Kò pẹ́ tí ọmọ fi bì sórí aṣọ ìyá rẹ̀.

“Gbọn aṣọ yẹn síta!” ni ọkùnrin kan tó jókòó ti àpò gàrí rẹ̀ wí. “Gàrí ni mo gbé, n ò bá yín wá ọbẹ̀ o!”

Marcelline tẹ́ aṣọ náà sórí itan, ó ń fi ìka wá inú èébì. Ó rí hóró kan, odidi. Kò rí ìkejì.

“Ọmọ ti gbé e mì,” ni Ọ̀ṣuntóyìn wí. “Bí o bá tún fún un, ó ti pọ̀ jù.”

“Ìyá, ẹ wò ó. Èyí kò tíì yọ́.”

“Ó dáa, fọ̀ ọ́, kí o dá a padà sí i lẹ́nu.”

“Ìyá àgbà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò!” ni ọlọ́jà gàrí wí.

Ọ̀ṣuntóyìn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà ọmọ ń súfèé, egungun ìhà rẹ̀ sì ń wọnú bó ti ń mí.

“Èyí tí mo rí kò sí nínú rẹ̀,” ni Marcelline wí. “Èyí tí n kò rí, mo gbà pé ó wà níbẹ̀.” Ó ju hóró inú èébì síta, ó lọ ọ̀kan tuntun kúnná, ó fi ṣúgà àti ẹ̀kọ díẹ̀ pò ó, ó sì ń fún ọmọ ní ṣíbí ṣíbí. Ó gbé e nàró sáyà títí wọ́n fi dé Pobè.

Àyà ṣì ń súfèé.

“Oògùn rẹ dà?” ni Ọ̀ṣuntóyìn bi í.

“Ó ṣì ń wọ ẹ̀jẹ̀, Ìyá.”

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìhà ọmọ kò wọnú mọ́. Ó ní òun fẹ́ jẹ àkàrà.

Marcelline ní òun yóò padà sí Sakété lọ́la, nítorí oògùn yóò dín ọ̀kan.

“Nítorí hóró kan ṣoṣo?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ìwọ dúró ti ọmọ,” ni Ọ̀ṣuntóyìn wí. “Èmi ni n ó lọ.”