Ṣe Bíi Lìádì

“Yàllà, ó yá, ẹ tún kú,” ni olùdarí eré wí.

Sàkáríyà dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku àdúgbò Al-Ammariyah kúrò lára jalamíà funfun tí wọ́n wọ̀ fún un. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣubú, tó ń kú lójú kan náà, ikú rẹ̀ kò sì tẹ́ olùdarí lọ́rùn. Òun tó ti jọba lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti ṣe adájọ́, olè àti dókítà nínú fíìmù! Ní Jẹ́dà yìí, wọ́n ní kò mọ ikú í kú.

Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró fún ìrun ọ̀sán, fóònù rẹ̀ dún. Ràhímátù ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Mẹ́kà.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Màmá ò jẹun, wọn ò lo oògùn. Wọ́n ní àfi tí Lìádì bá dé.”

Lìádì ni bàbá Sàkáríyà. Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí, ó sì ti pẹ́. Àmọ́ iyè Àlàájà Hàbíbátù, ìyá Ràhímátù, ti ń ra, kò rántí pé àbúrò òun ti kú.

“Ohùn yín jọ ti bàbá yín,” ni Ràhímátù wí. “Ẹ kàn ṣe bíi Lìádì fúngbà díẹ̀. Ṣebí iṣẹ́ yín náà ni.”

Ṣebí iṣẹ́ yín náà ni! Nínú takisí tó ń gbé e lọ sí Mẹ́kà, Sàkáríyà ṣì ń yínmú. Wọ́n ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ aládùúgbò tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ni bàbá rẹ̀ máa ń yìn. Bàbá náà kò wá wò ó lórí ìtàgé rí. Eré ọmọdé ló ń pe iṣẹ́ rẹ̀ títí tó fi kú. Bàbá yẹn náà ni wọ́n wá ní kí òun ṣe bíi rẹ̀! Inú ń bí i sí Ràhímátù, ó ń bí i sí dírẹ́bà tó ń rọra wakọ̀, ó tilẹ̀ ń bí i sí òkú.

Ní At-Tandabawi, àdúgbò wọn ní Mẹ́kà, ó bá arúgbó náà lórí ibùsùn, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó fẹ́ sọ pé, “Èmi Sàkáríyà ni.” Ó wo ètè tó ti bó yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi rèé.”

“Lìádì. O mà pẹ́ o.”

“Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n fún yín lóògùn.”

“Dúró ná. Ọmọ rẹ, eléré yẹn, ṣé o ti sọ fún un?”

Sàkáríyà gbé ife omi nílẹ̀. “Kí ni, Ẹ̀gbọ́n?”

“Ohun tó o sọ fún mi lórí fóònù, tó o fi ń sunkún. Àbí o ti gbàgbé ni?”

Arúgbó náà ti ń tẹjú mọ́ ọn, ó ń fura. Sàkáríyà yíjú sí Ràhímátù. Ìyẹn mi orí, òun náà kò mọ̀. Bí òun bá tún béèrè, òun kò ní jẹ́ Lìádì mọ́, oògùn á sì wà nílẹ̀. Ó dà bíi kó fi ife náà sọ ògiri.

“Mi ò gbàgbé,” ni ó wí níkẹyìn. “Mi ò tíì sọ fún un ni.”

“Kí ló dé?”

“Ojú ń tì mí, Ẹ̀gbọ́n.”

“Olóríkunkun. Sọ fún un o.”

“Mà á sọ.”

Arúgbó náà la ẹnu. Sàkáríyà fi oògùn sí i, ó gbé orí rẹ̀ sókè títí omi fi tán nínú ife. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ.

“Bọ̀ọ̀dá Sàkáríyà,” ni Ràhímátù pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé òun ló ń pè. Ojú ń tì mí. Kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ó mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni òun pa.