Eyín Tó Pé

Bàbá ti àtàǹpàkò bọ ẹnu ajá náà, ó ń fi í wá ibì kan kiri láàárín eyín. Ajá ọ̀hún kò lè gé e jẹ. Símẹ́ǹtì funfun ni wọ́n fi ṣe é.

Orí tábìlì ọmọ rẹ̀ ló wà, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹran. Eléyín ni wọ́n ń pe ọmọ náà níbẹ̀, nítorí òun ló ń ṣe eyín ajá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ gan-an kò pé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tòní kì í ṣe ti ajákájá. Ajá Bàbá ni, òun nìkan ló kù tó ń bá a gbélé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Nígbà tí ajá náà kú, Eléyín ló bẹ Bàbá títí ó fi yọ̀ǹda orí rẹ̀.

"Ẹ ó ṣì máa fọwọ́ kàn án, Bàbá," ló wí nígbà náà.

Nígbà tí rọ́bà yíyọ́ tí Eléyín dà lé orí náà ti gba bátànì eyín rẹ̀ tán, tó ku kó da símẹ́ǹtì sínú rọ́bà, wọ́n sin eegun orí ọ̀hún sẹ́yìnkùlé.

"Iṣẹ́ rèé!" Olùkọ́ àgbà dúró tì wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bó ṣe pé pérépéré. Ìkankan ò kán."

Inú Eléyín dùn dẹ́yìn. Ojú olùkọ́ ló ń wò, kò wo ọwọ́ bàbá rẹ̀.

Bàbá yọ àtàǹpàkò. "Ajá ta nìyí?"

Ìgbà yẹn ni Eléyín rántí. Eyín gígùn kan ti kán lẹ́nu ajá yẹn! Lọ́jọ́ tí Bàbá ṣubú nínú ilé tí kò lè dìde, irin géètì ni ajá náà ń gé jẹ, tó ń gbó, títí aládùúgbò fi gbọ́. Láti ìgbà náà, bí Bàbá bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ a máa wà lórí kùkùté eyín yẹn. Eléyín sì ti fi ìda dí i kó tó da rọ́bà, bó ṣe máa ń dí gbogbo eyín tó bá kán, torí eyín tó pé ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́. Bóyá orin ló tiẹ̀ ń kọ lọ́wọ́.

Olùkọ́ ti bá tirẹ̀ lọ. Eléyín sáré mú fáìlì irin tó fi ń ha símẹ́ǹtì.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo máa tún un ṣe báyìí báyìí."

Ó gbé fáìlì lé eyín gígùn ti òsì. Ó gbé e kúrò, ó gbé e lé tọ̀tún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀.

"Bàbá, apá ibo ló ti kán?"

Bàbá wò ó títí, bí ẹni tó ń wo àlejò. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.

"Ṣebí ìwọ lo fọ eegun orí ẹ̀."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rọra jáde. Eléyín dúró tòun ti fáìlì lọ́wọ́, ó ń wo eyín méjèèjì. Wọ́n funfun, wọ́n gùn dọ́gba.