Àwòrán Faïzath Lókè Tèmi

Ẹ̀yìn yàrá ìfọṣọ la máa ń jókòó sí, èmi àti Faïzath, níbi tí wọ́n ń kó àwọn páálí òfìfo sí. Ilé ìwòsàn aládàáni ni, ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, ó dojú kọ ìsọ̀ àwọn tó ń jó irin. Àwa là ń gbálẹ̀ níbẹ̀, àwa là ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláìsàn. Mo ti pẹ́ níbẹ̀. Faïzath ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọmọ àdúgbò Akron bíi tèmi ni, èmi àti ìyá rẹ̀ jọ dàgbà, èmi ni mo sì mú un wá síbi iṣẹ́ náà. Ó kàwé jù mí lọ dáadáa. Èmi, kíláàsì kékeré ni mo ti kúrò níléèwé, mo lè ka orúkọ mi, mo lè ka orúkọ òògùn tó bá kúrú. Gbólóhùn Faransé tó bá ti gùn, àárín rẹ̀ ni mo ti ń sọnù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó tablẹ́ẹ̀tì wá, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a máa fi kẹ́kọ̀ọ́, gbogbo àwa tí a ń ṣe ìmọ́tótó ni wọ́n pè. Ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Nadège ló wá láti Cotonou láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Dókítà Saïbou, tó ni ilé ìwòsàn, tí gbogbo wa ń pè ní Dírẹ́tọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹni tí kò bá parí mọ́dúlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀kọ́ mẹ́rin inú ẹ̀rọ yìí, kí oṣù tó parí," ni Dírẹ́tọ̀ wí, "kò ní í bá wa ṣiṣẹ́ mọ́."

Kò pariwo. Àwọn tí kì í pariwo ni ẹ̀rù wọn máa ń bà mí jù.

Màdáàmù Nadège rẹ́rìn-ín sí wa. Ó gbọ́ Nàgó, èdè wa, díẹ̀, ó ń yí i mọ́ Faransé. Ó ní kí a má fòyà. Ó ní àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, èrò wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n bá torí rẹ̀ yìn ọ́ lo máa tún ṣe, èyí tí wọ́n bá torí rẹ̀ bá ọ wí lo máa fi sílẹ̀. Àwọn kan ní rárá, inú orí ni kí á wò, bí ènìyàn ṣe ń to ohun tuntun mọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn tún ní ara ẹlòmíràn la ti ń kọ́ ọ, a ń wo ọwọ́ rẹ̀, a ń ṣe bíi tirẹ̀.

"Ta ló wá jàre nínú wọn?" Faïzath ló bi í.

"Gbogbo wọn, díẹ̀ díẹ̀," ni Màdáàmù wí. "Ẹ̀rọ yìí sì ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀."

Ó fi hàn wá. Tí o bá tẹ ìdáhùn tó tọ́, ẹ̀rọ á dún tín, ìràwọ̀ á yọ, ohùn obìnrin kan á ní "Bravo." Tí o bá ṣì í, ojú ẹ̀rọ á pọ́n, yóò kùn. Ó ní èsì nìyẹn, pé ẹ̀kọ́ tí kò ní èsì, òkò inú òkùnkùn ni. Ó ní ṣé a ti rí igi tí àwọn tó ń kọ́lé máa ń so mọ́ ògiri láti fi gùn ún. Ìrànlọ́wọ́ inú ẹ̀rọ náà rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ìka kékeré kan á máa nà sí ibi tí a máa tẹ̀. Tó bá yá, ẹ̀rọ á yọ ìka náà kúrò.

"Tí wọ́n bá yọ igi kí ògiri tó gbẹ ńkọ́?" Báyọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣeré.

"Ẹ̀rọ á mọ̀," ni Màdáàmù wí. "Ìwọ̀n ẹsẹ̀ olúkúlùkù ló fi ń bá a rìn. Ẹni tó yára, á jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó ń ṣì í, á dá a padà sẹ́yìn kó tún un kọ́."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo rò pé àánú ni.

Ojú ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n to àwòrán gbogbo wa sí, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹni tí ìràwọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, àwòrán rẹ̀ á gòkè. Ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni ti Faïzath ti gòkè tente. Tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi kò tilẹ̀ hàn dáadáa. Nígbà tí a padà sẹ́yìn yàrá ìfọṣọ, Báyọ̀ nawọ́ gba ẹ̀rọ náà, ó wò ó.

"Háà, Ìyá Sikirou," ó wí fún mi. "Ọmọ yín ti gùn yín lórí o. Ẹ bá a wá òjá, kí ẹ pọ̀n ọ́n dáadáa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Iṣẹ́ mi ni mò ń rò. Mò ń rò ó pé níbo ni màá lọ, ní ọjọ́ orí mi, tí wọ́n bá ní kí n máa lọ. Faïzath wo ojú mi, ó wá kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín àwọn páálí.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá."

Mi ò dá a lóhùn. Mi ò bínú, ẹ̀rù ló bà mí. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe máa mọ̀?

Láti ọjọ́ kejì ni ìràwọ̀ Faïzath ti dúró, kò pọ̀ sí i mọ́.

Èmi náà sì rí ọ̀nà tèmi. Ẹ̀rọ náà, tí o bá ṣì í, ìbéèrè yẹn náà ló máa tún gbé wá, àwọn àwòrán rẹ̀ kì í sì í kúrò láyè wọn. Mo tẹ èyí, ó pọ́n. Mo tẹ ìyẹn, ó pọ́n. Mo tẹ ti ìsàlẹ̀, tín. Mo fi sọ́kàn. Tó bá tún dé, ìka mi á ti mọ ibi tó ń lọ. Mi ò kà á mọ́. Mi ò wo ohun tí wọ́n yà síbẹ̀. Tín yẹn sì dùn létí mi, kí n má purọ́. Kò sí ẹni tó ti yìn mí báyẹn rí níbi iṣẹ́ yẹn. Mo parí mọ́dúlù kìíní, mo parí èkejì. Àwòrán mi ń gòkè.

Faïzath ń ṣì í. Mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Ó máa ń ka ìbéèrè náà kíá, ètè rẹ̀ á mì, ìka rẹ̀ á lọ síbì kan, á dúró. Lẹ́yìn náà ni ìka náà á kúrò níbẹ̀, á lọ tẹ ibòmíràn, ẹ̀rọ á sì kùn. Mo rò pé oorun ni. Mo rò pé bóyá ó lóyún. Ọjọ́ kan mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Èyí tí o kọ́kọ́ fẹ́ tẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan, Màmá."

"Faïzath. Mò ń wò ọ́."

Ó wo ilẹ̀. "Mò ń dúró dè yín ni," ó ní. "Ẹ kọ́kọ́ parí ná. Màá wá tẹ̀ lé yín. Kò dáa kí àwòrán mi máa jókòó lé yín lórí, kí Báyọ̀ máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin lẹ mú mi wá síbí."

Mo ní ta ló rán an. Mo ní kó tẹ èyí tó tọ́, kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn. Ó ní ó ti gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tọ́. Ó tún tẹ òmíràn, ó tọ́. Ẹ̀rọ kò gbé e lọ síwájú. Ó ti pinnu nípa rẹ̀. Ìfọwọ́ ló dá a padà sí, mọ́dúlù kìíní, pẹ̀lú ìka kékeré tó ń nà síbi tó máa tẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọwọ́. Ó parí rẹ̀, wọ́n tún dá a padà. Èmi wà ní ẹ̀kẹrin nígbà yẹn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa àwọn omi ìfọlé, omi Javel tó ń bó nǹkan di funfun àti asíìdì àti èyí tí wọ́n fi ń nulẹ̀. Faïzath, ọwọ́ ló ń fọ̀ nínú àwòrán lójoojúmọ́.

Màdáàmù Nadège tún wá. Faïzath lọ bá a ní kọ̀rídọ̀, mo tẹ̀ lé e.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí èyí tó kù. Mo ti mọ ti ìfọwọ́."

Màdáàmù wo ẹ̀rọ náà. "Ẹ̀rọ rí i pé o ṣì nílò rẹ̀, àbúrò mi. Má kánjú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Faïzath kò sọ ìdí rẹ̀. Tó bá sọ ọ́, orúkọ mi á wọ̀ ọ́. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Ẹnu mi ti là. Dírẹ́tọ̀ wá jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń wo fóònù rẹ̀, kò tilẹ̀ wò wá. Mo pa ẹnu dé.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní àlejò ń bọ̀, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláìsàn funfun báláú. Àbàwọ́n kan wà níbẹ̀ tí kì í jáde. Mo pàdé Faïzath ní kọ̀rídọ̀. Omi Javel wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ìgò asíìdì wà lọ́wọ́ kejì, bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo wo ìgò méjèèjì. Mo mọ̀ pé mo ti rí wọn pọ̀ níbì kan. Ìka mi mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi, òun nìkan, bíi pé ó fẹ́ tẹ nǹkan. Mo gbọ́ tín nínú orí mi. Mo wá a, mo wá ohun tó wà lẹ́yìn tín yẹn. Mi ò rí nǹkan kan.

"Rọra ṣe o," ni mo wí.

"Ẹ ṣé, Màmá."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí òórùn àwọn omi náà má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn.

A gbọ́ ikọ́. Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ ikọ́ mọ́. Báyọ̀ ló fi èjìká já ilẹ̀kùn náà. Òórùn tó jáde gbá wa lójú, kálukú fẹ́yìn rìn. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni Faïzath ṣubú sí. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá.

Nígbà tó yá, Dírẹ́tọ̀ pè wá sí ọ́fíìsì. Màdáàmù Nadège wà níbẹ̀, àti Adjaratou, ìyá Faïzath, pẹ̀lú gèlè tó wé tì. Dírẹ́tọ̀ gbé tablẹ́ẹ̀tì sí iwájú wa.

"Màmá, ó dùn mí," ó wí fún Adjaratou. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Mọ́dúlù kìíní ni ọmọ yín há sí. Kò dé ibi tí wọ́n ti kọ́ni pé a kì í po omi Javel pọ̀ mọ́ asíìdì, pé èéfín wọn ń pa ènìyàn. Ohun tí kò mọ̀ ló fọwọ́ kàn. Ilé ìwòsàn mi kò lè ru owó ìtọ́jú rẹ̀." Ó nawọ́ sí mi. "Ìyá Sikirou nìyí, tí kò kàwé púpọ̀. Wọ́n kọ́ ọ, ó gbà á. Òun ló wà lókè."

Àwòrán mi wà lókè lóòótọ́, tòun ti ìlẹ̀kẹ̀.

Adjaratou yíjú sí mi. Kò sunkún. "Ìyá Sikirou, ọ̀rẹ́ mi," ó ní. "Ṣé lóòótọ́ ni pé orí ọmọ mi kò gbé e?"

Mo di etí tábìlì mú.

"Dírẹ́tọ̀," ni mo wí. "Ẹ bi mí."

"Kí n bi yín ní kí ni?"

"Ohun tó wà ní ẹ̀kẹrin. Ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò níwájú mi, kí ẹ bi mí."

Màdáàmù Nadège wo Dírẹ́tọ̀, ó da ojú ẹ̀rọ bolẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí. "Tí asíìdì bá ta sí ẹnì kan lójú, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?"

Mo ronú. Mo wá a dáadáa, kí n má parọ́ mọ́ ara mi.

"Àwòrán ti ìsàlẹ̀ ni," mo wí. "Lọ́wọ́ ọ̀tún."

"Kí ló wà nínú àwòrán náà?"

"Mi ò mọ̀, Màdáàmù. Ó máa ń dún tí mo bá tẹ̀ ẹ́."

Mo wá sọ ìyókù. Mo sọ ti òjá tí Báyọ̀ ní kí n wá, mo sọ bí Faïzath ṣe kúnlẹ̀ tí mi ò dáhùn, mo sọ bí ìka rẹ̀ ṣe máa ń dúró lórí èyí tó tọ́ kó tó kúrò níbẹ̀.

"Ẹ ń sọ pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣì í ni?" ni Dírẹ́tọ̀ wí.

"Kò fẹ́ jókòó lé mi lórí ni, ọ̀gá. Orí ọmọ yẹn gbé e. Tèmi ni kò gbé e."

Màdáàmù Nadège fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀rọ ò lè mọ ìyẹn," ó ní. "Kò sí ibi tó máa fi í sí." Ó wá wí fún Dírẹ́tọ̀ pé òun máa sọ ọ́ bó ṣe rí fún àwọn tó rán òun wá, pé nínú èmi àti Faïzath, kò sí ẹni tí ẹ̀rọ náà kọ́ ní ohunkóhun.

Dírẹ́tọ̀ fọwọ́ nu ojú. Ó ní ilé ìwòsàn á san owó ìtọ́jú Faïzath. Adjaratou tẹrí ba. Dírẹ́tọ̀ wá kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ẹ̀yin náà, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde. Mi ò lè fi yín sídìí àwọn ìgò yẹn mọ́."

Mo bọ́ ọ. Mo ká a, mo gbé e lé orí páálí.

Ọsibítù ni mo gbà lọ. Wọ́n ti fi rọ́bà sí Faïzath nímú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni ń fa nǹkan tó wúwo. Dókítà ibẹ̀ ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ní í rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bó bá tilẹ̀ jáde níbẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò lè sọ̀rọ̀. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo ti dé.

Aṣọ tí wọ́n fi bò ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé òtútù ni, mo sún mọ́ ọn kí n lè fà á bò ó dáadáa. Kì í ṣe òtútù. Eékún rẹ̀ ló ń kó jọ lábẹ́ aṣọ, díẹ̀ díẹ̀, láti kúnlẹ̀ kí mi.