Ìwé Tó Ń Ṣí Lápá Ọ̀tún

"Ta ló di ìwé yìí báyìí?"

Àlájì Ṣàíbù, tó ni ilé ìtẹ̀wé kan ní Mushin, ju ẹ̀dà kan sórí tábìlì. Fúnlọ́lá oníwèé dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni òun àti Ọláolú àbúrò rẹ̀ fi ń gbé ìwé ìtàn alàwòrán yìí jáde lóṣooṣù. Ìwé oṣooṣù kan láti Japan, tó ti kógbá sílé, ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Bíi tiwọn lọ́hùn-ún, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń dì í, tí wọ́n á sì ṣí i kà lọ sápá òsì. Ilé ìtẹ̀wé mìíràn ló ń bá wọn ṣe é tẹ́lẹ̀. Bébà wọ́n, Ọláolú sì kú lóṣù tó kọjá. Ẹ̀dà yìí ni ìkẹyìn, orí ibùsùn àìsàn ló ti yà á.

Àrìnpé, tó ti ń dìwé láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ṣí i sí àárín. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa nawọ́ síra wọn lójú ìwé méjì. Nítorí apá òsì tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, wọ́n kẹ̀yìn síra, oníkálukú ń nawọ́ sí etí ìwé tirẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà! Gọ́ọ̀mù ti gan. Bí wọ́n bá tún un gé, àwòrán á bá a lọ.

"Jeffrey, ìwọ lo gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn," ni Àlájì wí. "Kó ẹrù ẹ. O ò gbọ́dọ̀ wá lọ́la."

Jeffrey, ọmọṣẹ́ wọn, wo Àrìnpé lẹ́ẹ̀kan, ó wolẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò jẹ́ tú àṣírí àgbà lójú ọ̀gá.

Lánàá ló ti sọ ọ́ fún Àrìnpé: "Ìyá Jael, wọ́n ní apá ọ̀tún la máa dì í o. Ẹ wo sáńpù, ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n mú wá."

Àrìnpé sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gungi, kò lè rí i. Ìwé wo ló ń tẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀? Gbé gọ́ọ̀mù wá, jàre."

Ní báyìí, ojú ti Àrìnpé gan-an. Ẹ̀rù sì bà á. Jael ọmọ rẹ̀ ṣì ku ọdún kan ní yunifásítì. Ta ló máa gba obìnrin ọlọ́dún méjìdínlọ́gọ́ta síṣẹ́?

Jeffrey ti ń ki bàtà bọ báàgì.

"Àlájì, ẹ jẹ́ kó dúró," ni Àrìnpé wí. "Ó sọ fún mi. Èmi ni mo ní kó panu mọ́."

Ó kúnlẹ̀ fún Fúnlọ́lá, tó kéré sí i púpọ̀.

"Ẹ dìde, mà," ni Fúnlọ́lá wí. "Ẹni tó yà á ò sí mọ́."

Àlájì kẹ̀yìn sí Àrìnpé. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Jeffrey tó sáré tẹ̀ lé e.

"Ìyá Jael, ẹ gbàgbé awò ojú yín."

Orí sáńpù náà ló wà láti àná, níbi tí Àrìnpé gbé e lé, láì ṣí ìwé náà wò.