Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ọjọ́ tí wọ́n pín ogún Alájì Ọláníyan ní Ojú Ore, Mùsílíù jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí sẹ́yìn ilé, kò sì gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n pín ilé méjèèjì, wọ́n pín ilẹ̀ ọ̀nà Ìjù, wọ́n pín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pín títí dórí àga tí bàbá máa ń jókòó sí kírun nígbà tí orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dìde, Àmọ̀dá, àkọ́bí bàbá, wúkọ́, ó ní, "Ní ti Mùsílíù, a ó tún jókòó lórí ìyẹn." Ẹ̀yin náà kúkú mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí. Wọn ò jókòó mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Ràbíátù ò gbé ilé Ojú Ore rí. Ìjókò ló ń gbé, ó ń ránṣọ níbẹ̀, Alájì ló máa ń wá bá a. Àwọn ìyálé méjèèjì kì í pè é ní ìyàwó ọkọ wọn. Ìyá Mùsílíù ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé Mùsílíù jábọ́ látọ̀run ni. Wọ́n sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé wọn ò so yìgì láàárín òun àti Alájì, pé àlè lásán ni. Ẹni tó bá kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ mọ̀ pé ọmọ tí a bí láìsí yìgì kì í jogún bàbá. Ràbíátù gbọ́ gbogbo ẹ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò, ni ọkọ̀ Dátsùn onílẹ̀kùn méjì kan wà, ọkọ̀ asáré tí bàbá rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tí iléeṣẹ́ rẹ̀ kógbá sílé ní Sángo láyé ọjọ́un. Koríko ti hù jáde lójú fèrèsé ẹ̀, adìẹ sì ń yé síbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Àmọ̀dá fẹsẹ̀ tì í, ó ní, "Mùsílíù, bó o bá fẹ́, wọ́ ọ lọ, kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè mọ́." Mùsílíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dúpẹ́. Ẹ gbọ́ o, ọmọ ẹni ọlọ́mọ dọ̀bálẹ̀ nítorí pàǹtí!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pàǹtí lójú tirẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ni bàbá gbé wá sẹ́nu géètì iléèwé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta. Àwọn olùkọ́ jáde wá wò ó. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ọmọ ta ni bàbá wá mú, bàbá sì dáhùn ketekete pé, "Ọmọ mi ni, Mùsílíù." Kò tún gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ará Ojú Ore kankan mọ́, ẹni tó sọ ọ́ sì ti wọlẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ń wá láyé kò ju kí ẹnìkan nínú ilé yẹn pè é lọ́mọ Ọláníyan lójú èèyàn. Ó rò ó, ó ní bí òun bá jí ọkọ̀ yẹn dìde, wọn ò ní lè ṣe kí wọ́n má sọ ọ́.

Mùsílíù kì í ṣe mẹkáníìkì. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Sángo ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń dúró tì. Kò tú ọkọ̀ rí láyé ẹ̀. Fóònù ló fi ń kọ́ṣẹ́: òyìnbó á máa tú ọkọ̀ nínú fídíò, òun náà á máa tú tirẹ̀ nínú àgbàlá ní Ìjókò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó tú gbogbo nọ́ọ̀tì, ó kó wọn dà sínú báàfù kan ṣoṣo, kò sàmì sí ọ̀kankan. Adérógbà, ọ̀gá pánẹ́ẹ̀lì-bítà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, yọjú wò ó lọ́jọ́ náà. Ó rí báàfù, ó káwọ́ lérí.

"Mùsílíù, adìẹ tó ń yé nínú ọkọ̀ yìí tọ́jú ẹ̀ jù ọ́ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó jókòó tì í, wọ́n jọ ṣa nọ́ọ̀tì náà lẹ́yọ lẹ́yọ. Adérógbà ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun fún un ni.

Ọdún mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà tán débi pé èèyàn lè jókòó sínú ẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìjókò. Páànù dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n kó dànù ní iléeṣẹ́ ni Mùsílíù gé tó fi lẹ̀ ẹ́. Ìkánjú mú un lọ́dún kejì, ó fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ bo ìpẹtà tí kò tíì ha tán, ó kùn ún, ó ń dán. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ara ọkọ̀ wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Ó jókòó sórí òkúta lọ́jọ́ náà, ó sunkún, ọkùnrin ogójì ọdún. Ó tún ha gbogbo ẹ̀ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún máa kùn ún, ọyẹ́ ló mú, eruku bà lé ọ̀dà tútù. Èyí tó pa á lára jù ni kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Méjì ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa mí pọ̀. Bí ọ̀kan bá fà jù, ekejì á máa wúkọ́. Oṣù méje ló fi ń bẹ̀ wọ́n.

Toyibat, ìyàwó ẹ̀, ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Obìnrin náà ti rí i pé bí ọkọ òun bá wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, kì í ronú nípa ilé Ojú Ore, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ràbíátù tó ti wá ń gbé pẹ̀lú wọn náà á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ síta, á máa rán tirẹ̀, ọmọ ẹ̀ á máa ha tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ náà dáhùn. Ó bú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọlẹ̀, ó ń kùn wùùù, kò wúkọ́ rárá. Adérógbà bọ́ fìlà. Ó ní, "Mo ti gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi láti ọdún méjìlélógún, n ò jí irú èyí dìde rí." Inú Mùsílíù dùn débi pé ó gbá Adérógbà mọ́ra. Ibi tó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyẹn, ká ní Mùsílíù gbọ́n.

Ó ní òun fẹ́ pe ẹbí wá ṣàdúà sí ọkọ̀.

Toyibat ní, "Bàbá Fáìzàh, ẹ jọ̀ọ́. Bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là ń fi bò ó jẹ."

"Ṣé n ò wá ní ṣàdúà sí ọkọ̀ ni? Ta ló ń gun ọkọ̀ tuntun láìṣàdúà?"

"Ẹ ṣàdúà. Ààfáà àdúgbò wa ò kúkú rìnrìn àjò. Kí lẹ ń pe Ojú Ore sí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi mọ ohun tó ń pè wọ́n sí. Tí wọ́n bá ń ṣàdúà sí ọkọ̀, ààfáà á béèrè orúkọ olówó rẹ̀ àti ti bàbá ẹ̀, àgbà ẹbí ló sì máa ń dá a lóhùn. Mùsílíù fẹ́ kí Àmọ̀dá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, lójú gbogbo ayé, pé Mùsílíù ọmọ Ọláníyan ló ni ín.

Wọ́n dé láàárọ̀ Sọ́ńdè. Àmọ̀dá wá nínú agbádá, Fàtímọ̀, àbúrò tí wọ́n bí tẹ̀ lé e, wá pẹ̀lú, wọ́n sì mú ààfáà tiwọn dání láti Ojú Ore. Àwọn ará àdúgbò náà pé. Ọkọ̀ wà láàárín àgbàlá, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, oòrùn ń ta lára ẹ̀. Àmọ̀dá yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn. Toyibat wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ àkàrà sàráà, ó ń wo ọwọ́ yẹn.

Ààfáà tẹ́wọ́. "Orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀? Àti ti bàbá rẹ̀?"

Mùsílíù mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Ó wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àmọ̀dá ní, "Alájì Ọláníyan. Ọkọ̀ bàbá wa ni, Ààfáà. Ẹ bá gbogbo àwa ọmọ ẹ̀ tọrọ àlùbáríkà sí i."

Àdúà sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń ṣàmín. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, Mùsílíù gbọ́ ohùn ara ẹ̀, òun náà ń ṣàmín.

Wọ́n fọwọ́ pa ojú tán, Àmọ̀dá bá na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ti yá, kó máa padà lọ sílé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fún mi."

"Mo ní kó o wọ́ ọ kúrò nílẹ̀. Ṣé mo ní kó o jogún ẹ̀ ni?"

"Ọmọ bàbá yín lèmi náà!"

Kò sọ ọ́ sókè rí. Fàtímọ̀ tún gèlè ẹ̀ ṣe, ó ní, "Ìyẹn la ò tíì jókòó lé lórí."

Ààfáà gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n má bínú. Ó ní ogún ní òfin, kò gba ariwo, ìbéèrè kan ló wà ńbẹ̀. Ó bá yíjú sí Ràbíátù tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀. "Ìyá, ẹ forí jì mí. Ṣé wọ́n so yìgì láàárín ẹ̀yin àti Alájì?"

Gbogbo ojú dà sórí ìyá arúgbó. Ó fa ìbòrí ẹ̀ síwájú, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó jókòó dáadáa, ó la ẹnu. Mùsílíù rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, ara ẹ̀ ò gbà á. Ó rí i pé wọ́n fẹ́ bọ́ ìyá òun síhòòhò láàárín ọjà. Kò lè dúró gbọ́ "rárá" lẹ́nu rẹ̀ lójú Fàtímọ̀.

Ó kígbe. "Ẹ má bi ìyá mi ní nǹkan kan! Ẹ gbà, ẹ máa gbé e lọ!" Ó sọ kọ́kọ́rọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ààfáà rẹ ojú sílẹ̀, ó ní, "Subuhánallàhi." Fàtímọ̀ wo Àmọ̀dá, Àmọ̀dá mi orí díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ò dáhùn. Mùsílíù náà ló tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé tó fi bí wọ́n ṣe ń fa ṣọ́ọ̀kì kí ẹ́ńjìnnì tútù tó lè jí hàn án. Ó ní, "Ẹ rọra, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù." Ọkọ̀ jáde ní géètì, ó yà sọ́nà Sángo, kò wúkọ́.

Àwọn èèyàn tú ká wéréwéré. Kò sẹ́ni tó mú àkàrà. Ràbíátù ò kúrò lórí àpótí.

Mùsílíù lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Màámi, ẹ má dà wọ́n rò. Wọn ò lè dójú tì yín níṣojú mi. Ọkọ̀ lásán ni."

"Ta ló ní kó o bá mi dáhùn?" Ohùn ìyá náà tutù. "Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun àsárì, ní mọ́ṣáláṣí kékeré Ìjù. Bàbá mi ló fi mí fún un. Lèmọ́mù tó so yìgì náà ti kú, ẹlẹ́rìí kan ti kú pẹ̀lú. Èkejì ni Bàbá Àpọ́nlé. Ó wà láyé, mo kí i lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni mo fẹ́ dá kó o tó kígbe."

Mùsílíù di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Inú ló ń bí mi! Ogójì ọdún ni mo ti ń retí kí ẹnìkan nínú wọn bi mí léèrè níta gbangba, kì í ṣe lábẹ́lẹ̀. N ò lè máa ké kiri Ojú Ore pé wọ́n so yìgì mi. Wọ́n wá bi mí lónìí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún èmi?"

"O bi mí rí?"

Ó dìde. Mùsílíù náà fò dìde, ó ń wá fóònù ẹ̀ káàkiri, ó ní òun á pe Àmọ̀dá, àwọn á lọ gbé Bàbá Àpọ́nlé nísinsìnyí, àwọn á dé Ojú Ore kó tó di ọ̀sán.

"Kó wá sọ kí ni? Wọ́n á ní a lọ bẹ arúgbó lọ́wẹ̀ ni. Wọ́n bi ìyá, ọmọ ló sáré dáhùn. Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá?" Ó ká aṣọ tó ń rán, ó fi sábẹ́ apá. Ó wá wojú ọmọ rẹ̀ tààrà. "Àwọn ará Ojú Ore ò dùn mí, Mùsílíù. Láti ìgbà wo nìwọ ti gbà pé àlè ni mí?"

Mùsílíù mọ ìgbà náà. Kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà tó gba ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ wọn gbọ́, oúnjẹ tí ìyá ẹ̀ sè ló sì wà lẹ́nu ẹ̀.